Ẹpìyà Nínú Àmù Àwẹ̀ró

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹja àti ènìyàn ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ létí odò, Ẹpìyà ni ẹja tó mọ ìwà hù jù lọ nínú omi. Ìwà náà tilẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù. Tó bá dé ilé onílé, kò ní fẹnu kan nǹkan kan àfi tí wọ́n bá sọ fún un pé, "Ó yá, jẹun." Tí wọn ò bá sọ ọ́, á pa ẹnu mọ́, á máa wo oúnjẹ náà bí ẹni pé kò rí i. Á kí wọn tán, á sì gbé ebi rẹ̀ padà sílé.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ṣá o. Wọ́n kéré, wọ́n pọ̀, etí wọn sì le. Kí ó tó pe èyí tó wà lápá ọ̀tún, èyí tó wà lápá òsì ti lọ. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ibi tí ìyá ẹja lè fi ọmọ pamọ́ sí tí ewu bá dé. Ó kàn máa ń pariwo ni, àwọn ọmọ á túká, ìyá á sì máa bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí wọ́n padà wá.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Odò tí Ẹpìyà ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó fà títí ó fi ku adágún kékeré kan láàárín àpáta. Àwọn lékeléke gbọ́. Wọ́n wá dúró yí adágún náà ká lórí ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń wo omi.

Nírọ̀lẹ́, tí Ẹpìyà bá pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, àwọn kan á ti dín nínú wọn. Ẹ̀rù ń bà á, ìbànújẹ́ sì bá a. Ó mọ̀ pé tí òun ò bá rí omi mìíràn kí adágún yìí tó gbẹ, ọmọ kankan ò ní kù lọ́wọ́ òun.

Ní abúlé tó wà lókè odò náà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Opó ni, ó fẹ́ràn àlejò púpọ̀, ó sì ní àmù ńlá kan tí ìyá rẹ̀ mọ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Àmù náà tóbi débi pé àgbàlagbà méjì lè jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn láàárín àgbàlá, níbi tí òrùlé ti ṣí sílẹ̀ kí òjò lè máa rọ̀ sínú rẹ̀. Omi rẹ̀ kì í gbẹ, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n ibi tí òjò ń gbà wọlé náà ni oòrùn ń gbà wọlé. Oòrùn yìí ló ń mú ọbẹ̀dò hù, ohun tó ní àwọ̀ ewé, tó ń yọ̀, tí í bo ara òkúta nínú omi. Ọbẹ̀dò ti bo inú àmù láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Àwẹ̀ró fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á títí èjìká fi ń ro ó. Kò pẹ́ rárá tó tún fi hù.

Ì bá má ká a lára tó bẹ́ẹ̀ ká ní kì í ṣe pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Akínlàjà, fẹ́ gbéyàwó. Bí oṣù tuntun bá ti lé, wọn yóò mú ìyàwó wá sílé. Inú àmù yìí ni wọn yóò sì ti bu omi tí wọn yóò fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ìyàwó ilé náà.

Fẹ́hìntọlá, ìyàwó àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró, wá wo omi náà, ó sì yínmú.

"Ìyálé mi, omi yìí lẹ fẹ́ fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó? Àfi kẹ́ ẹ tún wá omi mìíràn sílẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi ṣan èyí kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

"Fi mí sílẹ̀ jàre," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe. N ó wá ẹja sínú rẹ̀. Ẹja ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú omi kó má bàjẹ́."

Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ sí adágún nìyẹn. Ó lé àwọn lékeléke sẹ́yìn díẹ̀, ó jókòó sórí àpáta, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo omi lè gbọ́.

"Ẹ̀yin ẹja, mo ní ilé kan tí kì í gbẹ, tí lékeléke ò sì dé. Ẹni tó bá lè bá mi mú omi rẹ̀ mọ́, tòun tọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé ibẹ̀."

Ẹpìyà gbọ́, ara rẹ̀ yá gágá. Ṣùgbọ́n ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àwọn tó jù ú lọ. Ó ní òun ò lè ṣáájú àgbà. Ó fà sẹ́yìn, ó sì pa ẹnu mọ́.

Àrọ̀ ò fà sẹ́yìn ní tirẹ̀. Ó na irùngbọ̀n rẹ̀ síwájú, ó gbé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn jáde nínú omi. "Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn, Ìyá. Ta ló tún ní orí tó tó èyí?"

Àwẹ̀ró wo orí náà, ó wo irùngbọ̀n náà, ó gbà pé àgbà gidi ni. Ó gbé e lọ sílé.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí àgbà gidi ṣe. Ó bẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àmù, ó da ẹrẹ̀ ibẹ̀ rú, omi tó ní àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀ sì di ẹrẹ̀ pátápátá. Ó jẹ gbogbo kòkòrò omi tán, ó jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tán, kò fẹnu kan ọbẹ̀dò. Nígbà tí Àwẹ̀ró bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ìyá, ohun tí kò bá sá fún mi, èmi kì í jẹ ẹ́." Àwẹ̀ró ò bá a jiyàn. Ó dá a padà.

Òjìjí ló gbé tẹ̀ lé e. Ara Òjìjí ń dán, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sì da ẹrẹ̀ rú. Àwẹ̀ró ń yangàn káàkiri agbo ilé pé òun ti rí ẹni pẹ̀lẹ́ mú. Àṣé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì kàn án ni. Fẹ́hìntọlá wá fi igbá bu omi, ọwọ́ rẹ̀ kan ẹni pẹ̀lẹ́ yìí, ara rẹ̀ sì gbọ̀n láti ìka dé àtàrí. Igbá fò lọ sórí òrùlé. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bi wọ́n léèrè ta ló lu òun.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ronú sí i pé ìyàwó tuntun lè fi ọwọ́ kan omi náà. Ó dá Òjìjí padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tó tún padà dé etí adágún, ó ti gbọ́n sí i. Ó ní, "Mi ò wo orí mọ́, mi ò sì wo ara tó ń dán mọ́. Ohun tí ẹnu yín ń jẹ ni kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Nígbà yẹn, adágún ti fà débi pé ẹ̀yìn Ẹpìyà ti yọ sókè omi. Lékeléke kan ti ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹpìyà ò bi àgbà kankan léèrè mọ́. Ó wẹ̀ lọ síwájú Àwẹ̀ró pẹ̀lú gbogbo agbo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí lo máa ń jẹ?"

Ìdáhùn tó yẹ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Láti ìgbà baba ńlá Ẹpìyà, ọbẹ̀dò ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n Ẹpìyà rò ó pé kí àlejò kan wá máa ka oúnjẹ tó fẹ́ràn sí onílé létí, ìwà ìyájú gbáà ni. Ó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fún wa, Ìyá. A ó jẹ ẹ́, a ó sì dúpẹ́."

Ó yẹ kí Àwẹ̀ró tún bi í léèrè. Kàkà bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni òun rí. Ó fi igbá gbọ́n ìyá àtọmọ pọ̀, ó sì gbé wọn lọ sílé.

Nígbà tí Ẹpìyà bọ́ sínú àmù, ó kọ́kọ́ dúró sójú kan. Omi náà jìn, ó tutù, òjìji ẹyẹ kankan ò sì sí lókè. Ó pẹ́ tó ti mí irú èémí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè wo ara àmù, tó rí i bó ṣe ní àwọ̀ ewé, tó ń dán yanran yí wọn ká.

Nílẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá ń retí ìyàwó, àwọn obìnrin ilé máa ń gún ewé, wọ́n á fi omi rẹ̀ kun ògiri títí á fi máa dán. Etí odò ni wọ́n ti máa ń ṣan ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni Ẹpìyà ti máa ń gbọ́ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn pé ẹni tó bá fi ara kan ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, yóò jẹ ìyà.

Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti kun ilé de ìyàwó. Ẹni tó bá fi ìrù kàn án, èmi àtonítọ̀hún ni."

"Màmá, ó ń rùn bí oúnjẹ o," ọ̀kan nínú wọn sọ.

"Tonílé ni. Sún kúrò níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń gbé láàárín àmù nìyẹn, tí wọ́n ń ṣọ́ra kí wọ́n má ba ògiri jẹ́, tí Ẹpìyà sì ń dúró kí onílé fi iṣẹ́ hàn án. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ò lè rí àlejò kó má fún un lóúnjẹ. Ní tirẹ̀, ìtìjú ńlá ni kí àlejò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó yó. Láàárọ̀, á rún ẹ̀kọ sínú omi. Lálẹ́, á rún èkuru sí i. Á dúró lórí wọn, á ní, "Ó yá, ẹ jẹun." Wọ́n á jẹun, wọ́n á yó, wọ́n á sì dúpẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù á rì sí ìsàlẹ̀, á sì máa jẹrà níbẹ̀.

Bí ẹ̀kọ ti ń jẹrà ni ọbẹ̀dò ń rí jẹ. Ó ń ki sí i lójoojúmọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Fẹ́hìntọlá, tí kò tíì dárí ji ẹja kankan láti ìgbà Òjìjí, dúró lókèèrè, ó di imú mú.

"Ìyálé mi, ṣé ẹja lẹ̀ ń bọ́ ni, àbí ọbẹ̀dò?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró. Kò mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni obìnrin yẹn ń sọ.

Nígbà tó yá, oṣù tuntun lé. Wọ́n ránṣẹ́ wá pé ìyàwó yóò dé lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì náà, Àwẹ̀ró wá sídìí àmù. Kò mú ẹ̀kọ wá. Agbọ̀n ló mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ò sì dára.

"Ẹpìyà, má bínú sí mi. Mo fẹ́ràn rẹ, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ, ẹ ò sì ṣe àfojúdi sí mi rí. Ṣùgbọ́n omi mi burú ju bí mo ṣe bá a lọ, ìyàwó sì ń bọ̀ lónìí. N ó dá yín padà sí odò. N ó gbọ́n omi yìí dànù, n ó wá lọ tọrọ omi lábúlé kejì, ìtìjú yòówù kó jẹ́."

Ẹpìyà rò ó wò. Odò wo ni wọ́n fẹ́ dá wọn padà sí? Kò lè sí omi níbẹ̀ mọ́. Ẹrẹ̀ nìkan ló kù, àti àwọn tó dúró lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín.

Agbọ̀n rì sínú omi, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ẹpìyà gbàgbé ìwà. Ó ya ẹnu rẹ̀ tó ti ń pa mọ́ látọjọ́ tó ti dáyé, ó fa gbogbo ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì pa ẹnu dé. Àwọn tí etí wọn le pàápàá ò ráyè jiyàn. Lẹ́yìn náà ló lẹ̀ mọ́ ara àmù, tó ń sá yí po. Agbọ̀n ń lé e, òun náà ń sá, ara rẹ̀ àti ètè rẹ̀ ń ha ara àmù bó ti ń lọ.

Agbọ̀n jáde lófìfo. Àwẹ̀ró tẹ̀ síwájú kó tún jù ú sínú omi, ó sì rí nǹkan kan. Ojú ọ̀nà gígùn kan ti là láàárín ọbẹ̀dò yí àmù ká, amọ̀ pupa tí ìyá rẹ̀ fi mọ ọ́n sì hàn síta kedere.

Ẹpìyà náà bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Òun ló ba ògiri onílé jẹ́ báyìí, lọ́jọ́ tí ìyàwó ń bọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé díẹ̀ lára ohun tí wọ́n fi kùn ún kù sí i létè, ó sì ń dùn. Ó rọra tu àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó wẹ̀ wá sókè láti jẹ́wọ́.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mo ti ba ògiri yín jẹ́."

"Ògiri wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ kùn de ìyàwó. Látìgbà tá a ti dé, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan fi ìrù kàn án. Ẹ̀rù ló bà mí nítorí àwọn ọmọ lónìí. Tẹ́ ẹ bá lè fún mi ní ewé, n ó tún un kùn kí wọ́n tó dé."

Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó wo ojú ọ̀nà pupa yẹn, ó wo Ẹpìyà. "Ta ló sọ fún ọ pé mo kun nǹkan kan? Ọbẹ̀dò nìyẹn. Ìdọ̀tí ni. Torí rẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ wá."

"Ẹ ò kùn ún ni?"

"Kí n kun kí ni? Èjìká mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ nítorí rẹ̀. Àbí ẹ lè jẹ ẹ́ ni?"

"Ìyá, òun ni bàbá mi jẹ dàgbà. Òun lèmi náà jẹ dàgbà. Kò sẹ́ni tó ní ká jẹun níbẹ̀ ni."

"Ṣebí mo bi ọ́ pé kí lo máa ń jẹ. O ní ohunkóhun."

"Mo rò pé bí àlejò ṣe ń dáhùn nìyẹn."

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí àmù. Ó rántí gbogbo ẹ̀kọ, ó rántí gbogbo èkuru. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n níkùn, kò sì lè dá a dúró. Ẹpìyà ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú díẹ̀díẹ̀.

"Ó yá, ẹ jẹun," Àwẹ̀ró wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ ẹ kù."

Àwọn ọmọ ò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n so mọ́ ara àmù láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bá ara wọn du ibi tó ki. Ẹpìyà jẹ tiẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró ń fi igbá bu ẹ̀kọ tó ti jẹrà jáde láti ìsàlẹ̀. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, àmù ti pupa padà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ún, omi sì ti tòrò.

Nígbà tí ìyàwó dé lọ́jọ́rọ̀, Fẹ́hìntọlá ni wọ́n rán láti bu omi. Ó kọ́kọ́ ti ìka kan bọ̀ ọ́, ó yára fà á jáde, ó dúró wò bóyá nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó bu omi náà, ó gbé e síwájú ìyàwó, ìyàwó sì rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kedere nínú rẹ̀.

"Omi yìí mà dára o, Ìyá," ìyàwó sọ.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí rẹ̀ tó ti gbé láti ìgbà tí wọ́n ti dájọ́ ìgbéyàwó. Ó kí ìyàwó káàbọ̀, ó mú un wọlé, ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ sídìí orin, ó yọ́ lọ sídìí àmù.

"Ẹpìyà, ilé yín nìyí títí láé. Mi ò ní rún ẹ̀kọ sí i mọ́. Ìwọ náà, má dúró de pé kí n ní kí o jẹun. Ibikíbi tó o bá ti rí ọbẹ̀dò, tìrẹ ni. Ṣé o gbọ́?"

Ẹpìyà ò dáhùn.

"Ẹpìyà? Àwọn ọmọ dà?"

Kò sí ọmọ kankan nínú omi. Ẹpìyà dúró sójú kan, ó pa ẹnu mọ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agbọ̀n àárọ̀ yẹn ni, ó ṣì wà níbi tó gbé e sí. Ó wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹpìyà dáadáa, ó rí i bó ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀.

Ó yé e. Ó gbé agbọ̀n náà, ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì jù ú nù sínú igbó. Nígbà tó padà dé, Ẹpìyà ti ya ẹnu, àwọn ọmọ sì ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá ọbẹ̀dò kiri.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu Ẹpìyà kì í ti í sinmi mọ́. Ara òkúta, ara igi tó rì sómi, ara àmù, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ káàkiri, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kó tó jẹun. Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣì kéré. Nígbà yẹn, tí ẹ bá fún un lóúnjẹ tí kò gbà, tí ẹ bá kí i tí kò dáhùn, ẹ má sọ pé ó ń gbéraga. Ẹ rọra kúrò létí omi. Ọmọ ló wà lẹ́nu rẹ̀.